Ìjókòó Kan Tí Wọ́n Tà Lẹ́ẹ̀mejì: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn Àjò Afẹ́ Ọlọ́jọ́ Kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ilé-iṣẹ́ tó kó wa rìn yìí, ọ̀kan nínú méjèèjì sì jẹ́ ti awakọ̀ wọn, tó rọra wakọ̀, tí kò sì bú ẹnikẹ́ni láti Yaba títí a fi dé Tinubu. Mo fẹ́ kọ ọ́ ní kíkún, nítorí pé "ó dùn, ẹ lọ gbádùn ara yín" nìkan ni mo rí kà kí n tó sanwó, ohun tí mo sì fi ojú ara mi rí kò jọ bẹ́ẹ̀.

₦28,000 ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kan. Wọ́n ṣèlérí ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, afinimọ̀nà tó mọ ìtàn Èkó dáadáa, oúnjẹ ọ̀sán, ìwọlé sí National Museum ní Onikan, àti ọkọ̀ ojú omi láti Marina nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Mo san ti èmi àti ti ọ̀rẹ́ mi kan, ₦56,000 lápapọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ara ọmọ ọ̀rẹ́ mi gbóná, kò sì lè bá mi lọ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá owó ẹnì kan padà, wọ́n ní owó tó bá ti wọlé kì í jáde. Mo gba kámú, mo ní ó kéré tán, báàgì mi yóò rí ibi jókòó sí.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n dá fún wa, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ dé. Kò pẹ́ tí mo jókòó ni ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan ní abíyá, òṣìṣẹ́ wọn sì nawọ́ sí orí báàgì mi. Mo ní mo ti sanwó ìjókòó náà. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ má bínú, àǹtí, èmi náà sanwó ni o," ó sì fi rìsíìtì hàn mí lórí fóònù rẹ̀: ₦28,000, ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, ìjókòó keje, èyí tí orúkọ ọ̀rẹ́ mi wà lórí rẹ̀. Nígbà tí a fi máa wá òṣìṣẹ́ náà, ó ti gbé fóònù sí etí, bóyá ẹnikẹ́ni sì wà lórí ìlà, èmi kò lè sọ.

Mo gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Inú ń bí mi, n kò sì fẹ́ kí ọkùnrin náà fi ara kàn mí. Orí afárá Third Mainland, tó gùn ju kìlómítà mọ́kànlá lọ, tí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ sì tún sọ di ogún lójú wa, ni ó ti béèrè nọ́ńbà àkáǹtì mi. Ó ní òun yóò fi ìdajì ránṣẹ́ sí mi, kí àwa méjèèjì lè jọ jẹ ìyà náà ní dọ́gbadọ́gba. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, àfi bí ₦14,000 ṣe wọlé kí a tó sọ̀ kalẹ̀ sí Adéníji Adélé. Mo ń pè é ní bọ̀dá, ó ń pè mí ní àǹtí, kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí ẹnì kejì.

Afinimọ̀nà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó lọ́yàyà, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n orí fóònù ni ó ti ń ka gbogbo ohun tó ń sọ fún wa, nígbà tí bátìrì fóònù náà sì tán, ìtàn Èkó tán pẹ̀lú rẹ̀. Ní iwájú mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Martins Street, ó ní àwọn Òyìnbó ni wọ́n kọ́ ọ fún àwọn Mùsùlùmí. Ìyá àgbà kan tó wà láàárín wa kò jẹ́ kí ó parí ọ̀rọ̀ náà. Ìyá ní Mohammed Shitta oníṣòwò ni ó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, pé João Baptista da Costa, tó jẹ́ Àgùdà, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tó ti Brazil wá, ni ó darí iṣẹ́ ìkọ́lé rẹ̀, àti pé ìgbà tí wọ́n ṣí i ní 1894 ni Sultan ilẹ̀ Turkey fi oyè "Bey" dá Shitta lọ́lá. Ọ̀fẹ́ ni ìyá fi kọ́ wa ní ohun tí a ti sanwó fún ẹlòmíràn láti kọ́ wa.

Ohun tó bí mi nínú jù lọ ni ti Ilojo Bar, ilé àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ bíi ti àwọn Àgùdà. Àwòrán rẹ̀ ni ó gba gbogbo iwájú ìwé ìpolówó wọn. A dé Tinubu, afinimọ̀nà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá lọ béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta ṣájà. Obìnrin náà ń tú okùn ṣájà tó lọ́ mọ́ra wọn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Èyí tí wọ́n ti wó tipẹ́?" ni ó wí, ó sì ń bá okùn rẹ̀ lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ilé tí ìdílé Fernandez kọ́ ní 1855, tó di ti ìdílé Ọláìyá ní 1933, tí ìjọba sì kéde ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2016. Ẹni tó ń fi Èkó ṣòwò kò gbọ́, àbí ó gbọ́, àwòrán náà kàn wù ú ni?

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bọ̀dá ìjókòó keje kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni ní Ìjẹ̀bú-Òde, pé nítorí ilẹ̀kùn àti fèrèsé àwọn Àgùdà ni ó ṣe jí ní aago mẹ́rin òru, àti pé ilé yẹn gan-an ni ó fẹ́ yà. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti owó mi lọ. Nígbà tí a dé Kakawa, níbi tí ìdílé Da Rocha ti ta omi fún ará Èkó láyé ọjọ́un, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni wọ́n fún wa. Ó rí ilẹ̀kùn ògbólógbòó kan lára ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé, ó wá ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ìbú rẹ̀, ó ń kà á sókè, èmi sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Ó gbé etí lé pákó náà, ó kàn án ní ìka, ó ní ìrókò ni. Ọkọ̀ ń fọn fèrè, a kò dá a lóhùn.

Oúnjẹ ọ̀sán jẹ́ ìrẹsì tútù pẹ̀lú ẹran tó tó àtàǹpàkò mi. Èmi ni mo ra ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì Agége fún àwa méjèèjì. Ní ti musíọ̀mù, a pẹ́ dé, ìlẹ̀kùn ti wà ní títì.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ẹ jọ̀wọ́. Àwa mẹ́rìndínlógún ni a wà ní èbúté, life jacket mọ́kànlá ni wọ́n kó jáde, bẹ́ẹ̀ LASWA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ọ̀nà omi, kò gbà kí ẹnikẹ́ni wọ ọkọ̀ láìwọ̀ ọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ yọ̀ǹda tiwọn. Mo kọ̀, ìyá àgbà kọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà náà sì bọ́ èyí tó ti wọ̀ sọ́rùn, ó fi fún ọmọdé kan, ó sì dúró tì wá. Wọ́n sọ fún wa pé èbúté mìíràn ni ọkọ̀ tó gbé wa wá yóò ti pàdé àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí àwa wá ọ̀nà ilé wa. Ọmọọmọ ìyá wá gbé e, ó ku àwa méjì.

Sùúrùlérè ni mò ń gbé, nítorí náà reluwé Blue Line láti Marina dé National Theatre ní Iganmu ni ó yá fún mi jù. Ọ̀dọ̀ Ojota ni ọkọ̀ Ìjẹ̀bú wà, ọ̀nà ibẹ̀ kò sì gba Iganmu rárá, síbẹ̀ ó ní òun náà yóò wọ reluwé. Ó tò lórí ìlà, ó ra káàdì Cowry tirẹ̀, èyí tí a fi ń sanwó reluwé ní Èkó, ohun tí n kò rí ibi tí yóò ti lò ó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí reluwé gun orí omi, tí oòrùn sì ń wọ̀ lẹ́yìn Apapa, ó béèrè orúkọ mi.

Mo ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì nípa ìjókòó tí wọ́n tà lẹ́ẹ̀mejì àti nípa life jacket. Wọ́n fi ẹ̀dínwó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ̀ mí lórí ìrìn àjò mìíràn, wọn kò sì sọ nǹkan kan nípa ìkejì. Bí ẹ bá fẹ́ rí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ gba Marina lọ fúnra yín, kí ẹ sì bi àwọn àgbà tó ń gbé ibẹ̀.

Káàdì Cowry yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó ti fi owó sí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin.