Mítà Olówó Pọ́ọ́kú àti Sikánà ELM327: Èwo Ló Wúlò Jù fún Iná Jíìpù Àgbà?

Ohun èlò mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò: mítà kékeré aláwọ̀ ìyeyè tí a fi ń wọn iná, tí wọ́n kọ DT830D sí lára, sikánà Bluetooth tí wọ́n ń pè ní ELM327, àti tẹ́sítà onígílóòbù tí kò sí rewáyà tí kì í kó o sínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Inú ọgbà ilé wa n'Ìbàdàn ni mo ti ń fi wọ́n wá àìsàn iná inú Toyota 4Runner ọdún 2005 kan, tókùnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kò yọ wá lẹ́nu. Ohun tí ó ń bá a jà ni ọjọ́ orí, àti oríṣiríṣi wáyà tí àwọn tí wọ́n lò ó ṣáájú wa ti fi kún èyí tí ó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Bí owó ohun èlò kan ṣoṣo bá ni ẹ ní, mítà ni kí ẹ rà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sikánà ni gbogbo ọlọ́jà ń polówó.

Kí a ti orí sikánà bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni ó gbajúmọ̀ jù. Ihò onípíìnì 16 kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wakọ̀, èyí tí òfin Amẹ́ríkà ti sọ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ọdún 1996. Ibẹ̀ ni a ń ki sikánà bọ̀, tí a ó sì máa ka ohun tí ó bá rí lórí fóònù, nípasẹ̀ áàpù bíi Torque tàbí Car Scanner. Nítorí òfin yìí ni jíìpù tókùnbọ̀ tí ó ti lé lógún ọdún ṣì ṣe lè sọ tẹnu rẹ̀ fún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ilé iṣẹ́ Elm Electronics ní Kánádà ni ó ṣe ojúlówó ṣíìpù ELM327, ó sì kógbá sílé ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ṣáájú ìgbà náà tí àdàkọ ti gba ọjà kan. Àwọn àdàkọ wọ̀nyí ni ẹ ó máa bá pàdé ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ládípọ̀ l'Ékòó.

Àdàkọ kò dọ́gba. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ 1.5 sí, nọ́ńbà ẹ̀dà tí Elm fúnra rẹ̀ kò fi síta rí, síbẹ̀ wọ́n sábà máa ń gbọ́ èdè ọkọ̀ àtijọ́ ju àwọn tí wọ́n kọ 2.1 sí lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn 2.1 olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti yọ nǹkan kúrò nínú iṣẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n lè ṣe. Ọ̀rọ̀ èdè yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dàgbà. Ọdún 2008 ni ìlànà CAN, èdè kan tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ̀rọ̀, tó di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà. Ṣáájú ìgbà náà, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ní ìlànà tí ó ń lò, tí Ford ń lo J1850 tirẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan sì ń lo ISO 9141-2. Sikánà tí ó bá Corolla 2010 sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ lè ya odi pátápátá nínú Explorer 1998, kì í sì í ṣe pé ọkọ̀ náà ló bàjẹ́.

Bí ó bá ti so pọ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ó ń ka kóòdù (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń sọ ibi tí ó ti rí àbùkù), ó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì àti iye fóòtì hàn, ó sì lè pa iná tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tí n kò fara mọ́ ni bí àwọn tí ń tà á ṣe ń sọ pé yóò dárúkọ ohun tí ó bàjẹ́. Kì í dárúkọ rẹ̀. Kóòdù P0135, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé ọ̀nà iná tí ń mú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àkọ́kọ́ gbóná ní ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní ẹ́ńjìnnì kò ṣe déédéé. Ó lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ náà ló kú lóòótọ́, ó lè jẹ́ fíúsì, ó lè jẹ́ rílè, ó sì lè jẹ́ wáyà tí eku jẹ tàbí tí ẹ́sọ́ọ̀sì jó. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀, tàbí ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé bréènbọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) rẹ̀ ti lọ, lè ná owó gọbọi sí ohun tí fíúsì kan ìbá yanjú. Àwọn kóòdù ẹ́ńjìnnì àti jíà, èyí tí P bẹ̀rẹ̀ wọn, ni irú sikánà yìí mọ̀ jù. Bí ó bá di ti bíréèkì ABS, ti áábáàgì, tàbí ti ilẹ̀kùn àti wíńdò, ẹ má retí ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní ibì kan tí ó ti wúlò tí àwọn ọlọ́jà kì í polówó. Áàpù máa ń fi hàn bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò tí ó ń ṣe fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá lọ wo ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà, tí iná ẹ́ńjìnnì kò tàn rárá, tí gbogbo àyẹ̀wò náà sì ń sọ pé àwọn kò tíì parí, a jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí bátìrì. Ẹ bi olówó ọkọ̀ léèrè ìdí rẹ̀.

Mítà ni ó ń sọ ìdí tí kóòdù fi wáyé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣòro láti lò. Bí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tí ó kún dáadáa yóò fi nǹkan bíi 12.6 fóòtì hàn, 12.4 túmọ̀ sí pé ó ku nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.0 sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹ ní kí ẹnì kan ta kọ́kọ́rọ́, kí ẹ máa wo mítà: bí fóòtì bá já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí kíkísítátà ń yí, bátìrì náà ti rẹ̀, tàbí kíkísítátà ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti dún, ó yẹ kí ẹ rí iye kan láàárín 13.5 sí 14.7, bí ó bá dúró sí 12 tí ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ọ́tánétọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò kékeré yìí nìkan ti tó láti dá ènìyàn dúró lọ́nà ilé ẹni tí ń ta bátìrì.

Ibi tí mítà ti sanwó ara rẹ̀ padà fún wa ni ọ̀rọ̀ ohun tí ń jẹ bátìrì lóru. Bí 4Runner náà bá ti dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin láìlò, kò ní lè yí mọ́, bátìrì rẹ̀ kò sì tíì gbó. A tú orí òdì bátìrì, a sì gba àárín òun àti wáyà rẹ̀ fi mítà wọn iná tí ń jáde. Kí a tó gbà pé ohun tí a rí jẹ́ òtítọ́, a fi sukurudíráfà ti àgádágodo ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè rò pé a ti tì í, a sì dúró kí gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sùn. Ìwọ̀n tí ó bójú mu fún ọkọ̀ tí ó ti sùn kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 50 mílíámpù lọ. Tiwa ń fa 380. Bátìrì 60 Ah (èyí tí ó lè fúnni ní ámpù kan fún ọgọ́ta wákàtí) kò lè fara da irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fíúsì lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n yíyọ àti dídá padà yẹn máa ń jí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ti sùn, ìṣirò á sì dàrú. Ohun tí ó dára jù ni kí ẹ dá wáyà bátìrì padà, kí ẹ yí mítà sí ìpele 200 mílífóòtì, kí ẹ sì fi orí méjèèjì rẹ̀ kan àwọn ojú irin kéékèèké méjì tí ó wà lẹ́yìn fíúsì kọ̀ọ̀kan níbi tí ó jókòó sí. Fíúsì tí iná kò gba inú rẹ̀ kọjá yóò fi òdo hàn; èyí tí ó bá fi nǹkan kan hàn, iná ń kọjá nínú rẹ̀. DT830D lè rí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílífóòtì kan, ìyẹn sì tó fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí a bá ní ìdí rẹ̀ ni àpótí àláàmù kan tí ẹnì kan ti fi sí i tipẹ́, tí rímóòtù rẹ̀ kò sí mọ́, tí wọ́n kàn lọ́ wáyà rẹ̀ mọ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n sì fi téèpù wé e. A yọ ọ́, a fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú àwọn wáyà ọkọ̀ pọ̀ dáadáa, a fi rọ́bà tí ń sún kì bò wọ́n, ìwọ̀n náà sì bọ́ sí 30.

Tẹ́sítà onígílóòbù ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wíńdò ẹ̀yìn 4Runner máa ń wọlé sínú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wáyà rẹ̀ sì gba inú rọ́bà kan kọjá láti ara ọkọ̀ bọ́ sínú ilẹ̀kùn náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i tí wọ́n sì tì í ni wáyà yìí ń tẹ̀, títí tí okùn inú rẹ̀ yóò fi máa já lẹ́yọ lẹ́yọ. Nígbà tí wíńdò náà kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀, mítà fi 12 fóòtì hàn ní ẹnu mọ́tò rẹ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mítà kì í fa iná tó nǹkan. Okùn kan ṣoṣo tí kò tíì já ti tó láti fi fóòtì hàn án. Tẹ́sítà ní tirẹ̀ ń fa iná gidi, gílóòbù rẹ̀ kò sì tàn ju pípọ́n rẹ́súrẹ́sú lọ. Rọ́bà yẹn la tú, a sì bá wáyà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já tán nínú rẹ̀. Nítorí fífà iná yìí kan náà, ẹ má ṣe fi tẹ́sítà onígílóòbù kan wáyà bréènbọ́ọ̀sì tàbí ti áábáàgì láéláé.

Mítà ní àléébù tirẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì léwu. Ihò ámpù 10 ara rẹ̀ kò ní fíúsì, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lójú. Bí ẹ bá wọn ámpù tán tí ẹ gbàgbé wáyà pupa sínú ihò náà, tí ẹ wá fi kan orí bátìrì méjèèjì láti wọn fóòtì, ẹ ti fi irin so bátìrì pọ̀ nìyẹn: wáyà mítà á jó, ọwọ́ náà sì lè jó pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ bá ń wọn ohun tí ń jẹ bátìrì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta kọ́kọ́rọ́, nítorí kíkísítátà ń fa iná tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ámpù. Wáyà tí ó bá mítà wá tún tẹ́ẹ́rẹ́, rọ́bà tí ó bò ó kò sì lágbára. N kò ní fi mítà yìí wọn iná NEPA nínú ilé. Àwọn tí wọ́n ní Highlander háíbíríìdì kò gbọdọ̀ fi í kan wáyà aláwọ̀ ọsàn rárá. Bí iṣẹ́ bá sì dé ẹ̀gbẹ́ sókéẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè ti áábáàgì, ohun tí Toyota sọ ni pé kí a tú orí òdì bátìrì, kí a sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán.

Ti sikánà rọrùn jù: ẹ máa yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá ti lò ó tán, nítorí píìnì kẹrìndínlógún nínú ihò náà kì í pàdánù iná bí a tilẹ̀ ti yọ kọ́kọ́rọ́, òun náà á sì wá di ohun tí ń jẹ bátìrì lóru.

Tí ẹ bá fẹ́ rà wọ́n, ẹ wa ọkọ̀ yín lọ, kí ẹ sì bá ọlọ́jà sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ pé ẹ ó ki sikánà bọ̀ ọ́ lójú rẹ̀; èyí tí kò bá so pọ̀ níbẹ̀ kò ní so pọ̀ nílé. Ẹ fi orí méjèèjì mítà kan ara wọn ní ìpele óòmù 200, kí ẹ sì mi wáyà náà: bí nọ́ńbà bá ń fò sókè sódò, ẹ ní kí wọ́n mú òmíràn wá. Ẹ ra bátìrì fóòtì 9 kan mọ́ ọn, nítorí bí ti inú mítà bá ti ń lọ sílẹ̀, ó máa ń ka fóòtì ju bó ṣe wà lọ, bátìrì ọkọ̀ tí ó ti gbẹ á sì dà bí èyí tí ó kún.