Ẹ Ṣọ́ra fún Páànù Kéèkì Dúdú Tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Kùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kéèkì tà, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe é fún àwọn ọmọ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Páànù kéèkì dúdú kan wà lórí WhatsApp báyìí, mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tà á: 6, 8 àti 10 íǹṣì. Nonstick ni wọ́n ń pè é, ìyẹn èyí tí kéèkì kì í lẹ̀ mọ́. Irọ́ ni. Ọ̀dà lásán ni.

Àbúrò mi ni wọ́n lù ní jìbìtì. Páànù tó nípọn, tó ń dán, ni ẹni náà gbé sí status rẹ̀, ó ní Jámánì ló ti wá. Ó ní kí àbúrò mi san gbogbo owó kí òun tó fi ránṣẹ́, ìyẹn sì san án. Èyí tí ọlọ́kadà gbé dé fúyẹ́ bí agolo mílíìkì. Bébà ni wọ́n kọ "Germany" sí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Fífọ̀ àkọ́kọ́, bébà ṣí. Ó gbé e sínú ófùnù ní òfìfo kó lè gbóná, òórùn ọ̀dà gba gbogbo ilé. Èmi fúnra mi fi aṣọ funfun tí mo rẹ sínú fínígà nu inú rẹ̀, aṣọ náà dúdú. Ọ̀dà ti wú létí páànù, mo fi èékánná hó o, ó sì ń ṣí pẹ́lẹ́bẹ́ pẹ́lẹ́bẹ́. Inú kéèkì lèyí ìbá bọ́ sí o! Nígbà tó máa pe ẹni tó tà á fún un, ó ti búlọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ojúlówó nonstick kì í ṣe báyìí ní 180°C tí a fi ń yan kéèkì. Ìgbà tí ooru bá kọjá nǹkan bí 260°C ni èyí tí wọ́n fi bò ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín rẹ̀ sì lè pa ẹyẹ tí èèyàn ń sìn nínú ilé. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìkòkò àti iyanrìn yan kéèkì lórí sítóòfù, ẹ má lo nonstick rárá, ojúlówó ì báà jẹ́. Kò sí bí ẹ ṣe máa mọ iye ooru tó wà nínú iyanrìn yẹn. Alumíníọ̀mù lásán tó nípọn, tí ẹ fi bọ́tà pa, tí ẹ sì tẹ́ bébà sí, ti tó.

Tí ẹ bá ń lọ ra páànù, ẹ tún mú tépù dání. Etí tó yọ síta ni àwọn tó ń tà á máa ń wọ̀n mọ́ ọn. Inú ẹnu páànù ni kí ẹ wọ̀n, nítorí 8 íǹṣì gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan ju 7 lọ. Ẹ bá da ti 8 sínú 7, á kún sílẹ̀ nínú ófùnù. Ẹ fọwọ́ méjèèjì tẹ etí rẹ̀: tó bá ń tẹ̀, á ká sókè nínú iná, ìdí kéèkì á sì jó.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ìkòkò àti páànù tí wọ́n yọ́ láti ara irin àlòkù, bí íńjìnnì mọ́tò àti rédíétọ̀. Òjé (lead) lè wà nínú rẹ̀, ojú kò sì lè rí i. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé máa ń bà jẹ́, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tí kò léwu. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Ohun tó bá kan, bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí tòmátì, ló tún máa ń fà á jáde lára irin. Ẹ má yan kéèkì ọlọ́sàn nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra páànù dúdú yìí, kó má fi yan ohunkóhun mọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ àti ẹ̀rí ìsanwó mọ́, ẹ pe bánkì yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó bá gbà kí ẹ rí ọjà kí ẹ tó sanwó nìkan ni kí ẹ ti máa rà.