Àgbéyẹ̀wò Àdéhùn Ọdún Mẹ́wàá tí Ẹgbẹ́ Angels Fún Albert Pujols

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù Angels ti ìlú Anaheim ní ìpínlẹ̀ California buwọ́ lu ìwé àdéhùn ọdún mẹ́wàá pẹ̀lú eléré Albert Pujols, wọ́n sì ṣèlérí mílíọ̀nù 240 dọ́là fún un. Bí oníbàárà ṣe ń yẹ ọjà wò lẹ́yìn tó ti lò ó tán ni mo fẹ́ fi yẹ àdéhùn yìí wò, nítorí pé àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ló jẹ ìyà rẹ̀ jù. Ìdájọ́ mi ni pé ọjà náà kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pujols kò tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Ohun tó gba àròjinlẹ̀ níbẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí kan náà ti fọwọ́ sí àdéhùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ mìíràn rí, tí èyí sì so èso rere. Ní ọdún 2004, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 24, ẹgbẹ́ Cardinals ti ìlú St. Louis fún un ní mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ọdún méje. Kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ eléré tó pegedé jù lọ ní líìgì National, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjì béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní 2005, 2008 àti 2009, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti gba ife-ẹ̀yẹ World Series, ìyẹn ìdíje àṣekágbá líìgì méjèèjì, ní 2006 àti 2011. Ìgbà tí agbára rẹ̀ ń gòkè ni Cardinals rà. Láti ọmọ ọdún 32 títí dé 41 ni Angels rà. Òfin béésíbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà náà dá kún un, nítorí eléré gbọ́dọ̀ lo ọdún mẹ́fà nínú líìgì ńlá kó tó lè bá ẹgbẹ́ tó wù ú dúnàá-dúrà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ẹgbẹ́ tó bá gbà wọ́n lẹ́yìn náà á wá máa sanwó iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti jẹ èrè rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe to owó náà tún burú ju iye rẹ̀ lọ. Mílíọ̀nù 12 dọ́là ni owó ọdún 2012, 16 ni ti 2013, 23 ni ti 2014, láti ibẹ̀ ló sì ti ń fi mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan lé sí i lọ́dọọdún títí tó fi di 30 ní 2021. Owó àdéhùn béésíbọ́ọ̀lù kì í sì í ṣe èyí tí ẹgbẹ́ lè dá dúró nítorí pé eléré kò ṣe dáadáa mọ́, Pujols sì ti gba ẹ̀tọ́ pé wọn kò lè gbé òun fún ẹgbẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i.

Ọdún kìíní kò burú, ó gbá home run 30, ìyẹn kí bọ́ọ̀lù tí ó gbá fò kọjá odi pápá. Ní 2013, ìrora àtẹ́lẹsẹ̀ lé e kúrò lórí pápá, kò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ìgbá bọ́ọ̀lù rẹ̀, ìyẹn ìdá ìgbà tó gbìyànjú tó sì gbá a dáadáa, tó jẹ́ .328 ní St. Louis, já wá sí .256 ní Anaheim. Èyí tó dùn mí jù ni ti Mike Trout, tó gba àmì-ẹ̀yẹ eléré tó pegedé jù lọ ní 2014, 2016 àti 2019 nínú ẹgbẹ́ yìí kan náà, síbẹ̀ tó jẹ́ pé 2014 nìkan ni wọ́n dé ìpele ìfigagbága tó ń tẹ̀lé sáà líìgì, tí ẹgbẹ́ Kansas City Royals sì borí wọn nínú eré mẹ́ta léraléra, tí wọ́n fi lé wọn jáde. Kì í ṣe Pujols nìkan ló fà á. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Angels kò lágbára tó, ṣùgbọ́n owó tí wọn ì bá fi wá irú wọn ti wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ó gbá home run rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ní 2014, ó pé 600 ní 2017, inú aṣọ Angels ló sì wà ní gbogbo rẹ̀. Mo ka èyí sí èrè, ṣùgbọ́n kò tó owó náà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ nígbà tí àdéhùn kò tíì parí. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Cardinals gbà á padà ní mílíọ̀nù 2.5 dọ́là péré, ó sì gbá home run 24 fún wọn, èyí tó fi kọjá 700. Irú àdéhùn ọlọ́dún kan bẹ́ẹ̀ ni mo lè dámọ̀ràn fún eléré tó ti lé ní ọdún 35. Fún ẹni ọdún 32, n kò ní gbà kó kọjá ọdún márùn-ún, kí owó tó pọ̀ jù sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀.