Gúlù funfun fún àga àtijọ́: ibi tó ti dára àti ibi tó kù sí

Fún ẹni tó ń ra àga ògbólógbòó ní Kábbà tàbí Ìsánlú láti tún un ṣe tà, gúlù funfun ti káfíńtà tó owó tí wọ́n ń tà á. Ó sàn ju ìṣó lọ dáadáa, torí ìṣó máa ń la ẹsẹ̀ àga tó ti gbẹ.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni pé kì í lẹ̀ mọ́ gúlù àtijọ́. Ẹ tú oríkèé náà, ẹ fi ọ̀bẹ ha gúlù tó ti gan títí igi gan-an yóò fi hàn, kí ẹ fi sáńpépà onínọ́ńbà 80 ha á díẹ̀. Ẹni tó bá fo èyí, kò ní pẹ́ tí àga á tún fi máa mì lábẹ́ oníbàárà. Ẹ fi gúlù ra ojú méjèèjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi rọ́bà inú táyà wé e dan-in. Èyí tó bá yọ síta, ẹ fi aṣọ tútù nù ún lójú ẹsẹ̀. Pólíìṣì kì í wọ ibi tí gúlù bá gbẹ sí, àpá ni yóò hàn. Ó di wákàtí 24 kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e.

Lásìkò ọyẹ́, igi máa ń sún kì. Gúlù nìkan kò lè dí àlàfo tó bá fẹ̀. Ẹ gé igi pẹlẹbẹ há àlàfo náà.

Bí gúlù bá ti gbẹ, sáńpépà onínọ́ńbà 120 àti 220 ló kàn láti fi mú ara àga dán. (Ẹ bo imú bó bá jẹ́ ìrókò, eruku rẹ̀ burú.) A ò dámọ̀ràn gúlù yìí fún àga ìta rárá: òjò máa ń rọ̀ ọ́.