Lésà tí wọ́n fi fọ́ òkúta kíndìnrín mi lẹ́ẹ̀mejì: nọ́ńbà tí wọ́n yí i sí ló ṣe ìyàtọ̀

Awakọ̀ ni mí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti Kétu sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), mo ń gba Ìpobẹ́ àti Ìṣakẹ́tẹ́ kọjá. Awakọ̀ bíi tèmi mọ̀ pé a kì í fẹ́ mu omi, kí èrò má baà máa dúró dè wá lẹ́bàá igbó. Omi tí mi ò mu yẹn wà lára ohun tó kó mi sí i.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi lésà, iná alágbára tó tẹ́ẹ́rẹ́, fọ́ òkúta fún mi láàárín ọdún kan, ní ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú ẹ̀rọ kan náà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní holmium. Ti àkọ́kọ́ kò yọrí. Ti èkejì tẹ́ mi lọ́rùn gan-an.

Òkúta mìlímítà 9 ló há sí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti kíndìnrín. Ní Ìpobẹ́ ni ìrora náà ti mú mi, láti ìhà dé itan. Mo pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń yí nílẹ̀, àwọn èrò ń bu omi sí mi lórí. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ó ti parí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, sikánà fi hàn pé òkúta ti ta padà sókè sínú kíndìnrín, ó kàn là sí méjì ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ìyẹn dùn mí ju owó tó lọ.

Dókítà kejì, ọmọ Ànàgó bíi tèmi, ka ìwé iṣẹ́ abẹ mi, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ «1.2 J, 8 Hz».

«Bàbá, ẹ wò ó. Júùlù yìí ni agbára ìlù kọ̀ọ̀kan. Hẹ́ẹ̀tì yìí ni iye ìgbà tó ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí wáàtì, ìyẹn àpapọ̀ agbára ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 1.2 lọ́nà 8, wáàtì 9.6. Èmi máa lo 0.3 àti 30, wáàtì 9. Wáàtì wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iṣẹ́ wọn ò jọra. Ṣé ẹ ti pa èkùrọ́ rí? Ẹ bá lù ú gbàǹgbà, á ta lọ.»

Ó yé mi wàyí. Ìlù ńlá tí kò yá máa ń la òkúta sí wóńwó tí wọ́n á máa ṣà, ó sì máa ń tì í sẹ́yìn. Ìlù kéékèèké tó yá máa ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun. Ẹ̀rọ náà tún ní ibi tí wọ́n ti lè mú kí ìlù kọ̀ọ̀kan pẹ́ díẹ̀ sí i, ìyẹn náà kì í jẹ́ kí òkúta ta púpọ̀.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún mi, ojú mi là, mo ń wo amóhùnmáwòrán tó ń fi inú ara mi hàn. Òkúta náà rí gbágungbàgun, àwọ̀ rẹ̀ bíi iṣu tó jóná. Iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń rìn lórí rẹ̀, eérú ń gbéra bí èlùbọ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́, títí ojú amóhùnmáwòrán fi funfun. Dókítà á dúró kí omi tí wọ́n ń dà sí i ṣàn kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní bí omi ò bá ṣàn dáadáa tí wáàtì sì pọ̀, ooru lè ba ẹran ara jẹ́. Nígbà tó ku kókó inú rẹ̀, tó le bí irin, 0.3 ò ràn án. Ó gbé e sí 0.8 àti 10, ó fọ́, ó sì fi agbọ̀n wáyà kékeré kó o jáde. Ohun tó wù mí jù nìyẹn: kò rọ̀ mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Ẹ̀sùn mi? Ó pẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Owó rẹ̀ tó owó ọ̀kadà tuntun. Rọ́bà oníhò tí ìtọ̀ ń gbà kọjá, tí wọ́n ń pè ní JJ, tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú mi fún ọ̀sẹ̀ méjì, ń ta mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń tọ̀, ìtọ̀ sì máa ń pọ́n bí mo bá wakọ̀. Ìyẹ̀fun náà ń jáde díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Sikánà tó tẹ̀ lé e kò rí òkúta kankan.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa yí i, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú ìwé mi àkọ́kọ́ ni dókítà kejì fi mọ ibi tí òkúta mi gbà sá.