Àgbéyẹ̀wò ètò òwúrọ̀ Highland Radio
Mo dúró sí Ilé-Ifẹ̀, mo sì máa ń gbọ́ Highland Radio lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iléeṣẹ́ tó wà ní Letterkenny ní Donegal, lórílẹ̀-èdè Ireland, tó ti wà lórí afẹ́fẹ́ láti ọdún 1990. Nígbà òtútù wọn, aago mẹ́sàn-án tiwọn ni aago mẹ́wàá tiwa. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn ilé tí ògiri wọn ń sán nítorí búlọ́ọ̀kù tí kò dára di ohun ìgbàgbé: àwọn onílé fúnra wọn ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Wọ́n tún ń kéde òkú, bíi ti rédíò ilé wa. Irú ìbéèrè tí àwọn onílé yẹn ń bi àwọn olóṣèlú ni mo fẹ́ kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa nílùú yìí máa bi àwọn aṣòfin wa.