Táyà Porsche Macan: ẹ mú íǹṣì 19, ẹ fi 21 sílẹ̀

Rímù íǹṣì 21 dùn ún wò lábẹ́ Macan tó ń lo epo, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó wà lára táyà ẹ̀yìn rẹ̀: 295/35R21. 295 ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ìbú yẹn, ìyẹn bíi 103 péré. Tó bá já sí kòtò, rímù ló máa forí gbá a: á tẹ̀ tàbí kó sán, ẹ̀gbẹ́ táyà á sì wú bí eéwo. Táyà tó bá ti wú báyìí, fọkanáísà ò lè tún un ṣe mọ́.

Íǹṣì 19 la fara mọ́: 235/55R19 níwájú, 255/50R19 lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀yìn ga tó 127, síbẹ̀ gíga táyà lódindi fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti 21 (738 sí 740), nítorí náà ọwọ́ atọ́ka eré kò ní parọ́. Íǹṣì 18 tún rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá yóò gba bíréèkì yín.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò jù ni kí wọ́n pààrọ̀ méjì iwájú nìkan nígbà tí ti ẹ̀yìn ti jẹ tán. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí gíga wọn ò bá bára mu, àpótí tó ń pín agbára síwájú-sẹ́yìn á máa gbóná. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn o, ìbú wọn kò dọ́gba.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó parí DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Èyí tó bá ti lé ní ọdún 6, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.